Bíréèkì rọ̀ lẹ́sẹ̀ mi lórí pápá: kí ni kí n kọ́kọ́ ra?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Northampton

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Golf GTI Mk7 ni mo ń wà, òun náà ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́. Mo gbé e lọ sí track day (ọjọ́ tí wọ́n ń jẹ́ kí ẹni tó bá sanwó wa ọkọ̀ ẹ̀ lórí pápá eré ìje) ní Snetterton. Níbẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa. Nígbà tó yá, bí mo bá dé òpin Bentley Straight tí mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi á kàn máa wọlẹ̀ lọ ni. Àfi kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ọkọ̀ tó gbọ́. Òórùn bí ohun tó ń jóná sì gba gbogbo inú ọkọ̀. Nígbà tí mo padà dé orí títì, ó ti ń dúró, ṣùgbọ́n pẹ́dà ò le tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ní kí n ra kálípà (ohun tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì) ńlá onípísítìnì mẹ́fà, owó ẹ̀ lé ní £2,000. Ṣé kí n rà á?

Ẹ̀gbọ́n Sípáná, Kent

Àbúrò, fi owó ẹ sápò ná. Ohun tí ẹsẹ̀ ẹ sọ fún ẹ ni ká kọ́kọ́ gbọ́.

Ọ̀nà méjì ni ooru máa ń gbà mú bíréèkì, wọn ò sì jọra. Bí pẹ́dà bá le koko bíi ti tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ń sá lọ, páàdì, èyí tó ń fún dísìkì (irin róbótó tó ń bá táyà yí) kí ọkọ̀ lè dúró, ló ti gbóná kọjá ibi tí agbára ẹ̀ mọ. Bí pẹ́dà bá rọ̀, tó ń wọlẹ̀, tó jẹ́ pé ìgbà tó o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ló tó dìde, ọ́ìlì bíréèkì ló ti hó nínú kálípà. Ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí agbára ẹsẹ̀ ẹ dé ọ̀dọ̀ páàdì. Ṣùgbọ́n tó bá hó, ó di oru, oru sì ṣeé fún pọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ á kàn máa fún oru pọ̀ ni, páàdì ò ní gbọ́. Tìẹ, ọ́ìlì ni. Òórùn tó o gbọ́ yẹn, páàdì náà ti ń pariwo.

Ohun tí bíréèkì ń ṣe ni pé ó ń sọ eré ọkọ̀ di ooru. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó tẹ bíréèkì láti 100 máìlì ní wákàtí títí tó fi dúró ní ooru ìlọ́po mẹ́rin láti sọ nù ju ẹni tó tẹ̀ ẹ́ láti 50 lọ. Lórí títì, o lè má tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Lórí pápá, ooru ti kọ́nà àkọ́kọ́ ò tíì jáde tí ti kọ́nà kejì fi dé. Gbogbo ẹ̀ ń kó jọ sínú dísìkì, ó ń gba inú páàdì àti písítìnì wọlé títí á fi dé inú ọ́ìlì.

Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, díẹ̀díẹ̀, kódà bó o ṣe ń wo ọkọ̀ yẹn tó dúró síwájú ilé. Ìlànà DOT 4 (DOT ni wọ́n fi ń pín ọ́ìlì bíréèkì sí ìpele) ni pé tó bá ṣì tuntun, kò gbọ́dọ̀ hó kó tó dé 230°C. Tí omi bá ti wọ inú ẹ̀ tó 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ìlànà ọ̀hún ò béèrè ju 155°C lọ. Ti DOT 5.1 jẹ́ 260 àti 180. Àwọn tí wọ́n ṣe fún eré ìje, bíi Motul RBF 600 àti Castrol SRF, máa ń kọjá 300°C kí wọ́n tó hó nígbà tí wọ́n bá tuntun. SRF wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n omi kì í tètè bà á jẹ́ bíi tàwọn yòókù. Má ṣe ra DOT 5 tí kò ní .1 lẹ́yìn o. Silikóònù ni ìyẹn, kò gbọdọ̀ pàdé èyí tó wà nínú ọkọ̀ ẹ.

Bí ọ́ìlì ẹ bá ti pé ọdún méjì, kò sí kálípà tó lè gbà ẹ́. Táyà ló ń dá ọkọ̀ dúró, àbúrò mi. Tí bíréèkì tó wà níbẹ̀ báyìí bá ti lè mú ABS (èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há tó o bá tẹ bíréèkì gan-an) ṣiṣẹ́, agbára ẹ̀ ti tó. Ohun tí dísìkì ńlá ń fi kún un ni àyè tí ooru máa rí gbé. Nítorí náà, ọ́ìlì ni kó o kọ́kọ́ ṣe, kí páàdì tẹ̀ lé e, kó o tó wá sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tó máa tu bíréèkì. Tí gbogbo ìyẹn ò bá tó, dísìkì 340 mm ti Performance Pack (àfikún tí wọ́n ń tà pẹ̀lú GTI) tó jẹ́ ti Golf fúnra ẹ̀ wà níta, pẹ̀lú kálípà ẹ̀. Tìẹ, tí kì í bá ṣe Performance Pack, 312 mm ni. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló ṣe é, wọ́n sì ti wo bí iwájú àti ẹ̀yìn ṣe máa bára mu. Kó o kàn rí i dájú pé rímù ẹ gbà á.

Lórí páàdì: ti eré ìje pátápátá kò dáa fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó nílò ooru kó tó di nǹkan mú. Láàárọ̀ oṣù January tí ọmọdé bá sáré jáde níwájú ẹ, páàdì tútù bẹ́ẹ̀ ò ní gbà ẹ́ sílẹ̀. Àwọn bíi Ferodo DS2500 wà láàárín, ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n fọwọ́ sí i fún títì. Àmì R90, tó ń fi hàn pé wọ́n fọwọ́ sí i, ni kó o wò. Kó o sì sọ gbogbo ohun tó o bá pààrọ̀ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò ẹ. Adójútòfò tó o fi ń rìn lórí títì kì í sábà bo track day rárá.

Tó o bá ti fi páàdì tuntun sí i, má gbé e lọ sórí pápá bẹ́ẹ̀. Wá títì tí ọkọ̀ ò pọ̀ sí. Mú eré wálẹ̀ láti nǹkan bíi 60 sí 10 lọ́pọ̀ ìgbà, máa fi kún agbára ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, má sì dúró pátápátá láàárín. Lẹ́yìn náà, wà á lọ jẹ́jẹ́ kó tutù. Ara páàdì á ti lẹ̀ mọ́ ojú dísìkì dọ́gbadọ́gba nígbà yẹn.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn onígolf kì í rò. XDS tó wà nínú ọkọ̀ ẹ, bíréèkì ló fi ń ṣiṣẹ́: ó ń di táyà iwájú ti inú kọ́nà mú láìjẹ́ pé o tẹ nǹkan kan. ESP, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀ kúrò lọ́nà, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru tí o ò mọ̀ ọ́n sí nìyẹn. Wo páàdì ẹ̀yìn ẹ, ó lè ti jẹ ju bó o ṣe rò lọ.

Bọ̀dá Austin, Texas

Ẹ̀gbọ́n ti sọ gbogbo ẹ̀. Níbí, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń ṣe track day ò ní jẹ́ kó o wọlé láìjẹ́ pé ìwé wà tó sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì láìpẹ́. Ní Circuit of the Americas, pápá eré ìje tó wà níbí, ọ̀nà gígùn kan já sí kọ́nà 12. Ẹni tí ọ́ìlì ẹ̀ bá ti gbó, ibẹ̀ ló ti máa mọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí wọ́n má fi dísìkì oníhò tàn yín. Ó lẹ́wà nínú rímù, ṣùgbọ́n létí ihò yẹn ni sísán ti máa ń bẹ̀rẹ̀ tí ooru bá ń pọ̀ tó ń dín. Èyí tí wọ́n fa ìlà sí lójú, tàbí èyí tójú ẹ̀ dán lásán tó ní àyè afẹ́fẹ́ láàárín, ló ń fara da pápá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Northampton

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ sọ, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Mo rí àwọn tó gé bọ́ńpà wọn.

Ẹ̀gbọ́n Sípáná, Kent

Bọ́ táyà iwájú kó o wo etí dísìkì ẹ. Wàá rí i pé awẹ́ méjì ni, àwọn ògiri kéékèèké sì wà láàárín wọn. Bó ti ń yí, bíi fáànù ló ṣe ń ṣe: ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láàárín, ní tòsí họ́ọ̀bù, ó ń jù ú síta létí. Ojú ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé yẹn ni kó o gbé afẹ́fẹ́ tútù fún un. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ inú ló wà. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni kí wọ́n kọjú páìpù sí ojú dísìkì. Ojú kan á tutù, èkejì á máa jó, dísìkì á fẹ́ tẹ̀.

Ihò iná fọ́ọ̀gì nínú bọ́ńpà dáa fún gbígba afẹ́fẹ́ wọlé, o ò tiẹ̀ ní gé nǹkan kan. Páìpù silikóònù tó ní wáyà nínú, tí ooru ò lè yọ́, ni kó o lò, 63 mm tàbí 76 mm. Fi irin dè é, má fi okùn rọ́bà dè é. Lẹ́yìn náà, yí ìdarí lọ dé òpin lápá ọ̀tún, kó o yí i dé òpin lápá òsì, nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì àti nígbà tó bá wà nílẹ̀. Wo gbogbo ibi tí páìpù lè kan táyà tàbí róbà bíréèkì, ìyẹn èyí tí ọ́ìlì ń gbà dé kálípà. Iṣẹ́ yẹn ni kó o fara balẹ̀ ṣe jù, torí páìpù tó bá ń ha róbà bíréèkì burú ju bíréèkì tó gbóná lọ.

Àwọn kan máa ń yọ páánù tó wà lẹ́yìn dísìkì kúrò pátápátá. Lórí pápá, ó ń ràn án lọ́wọ́. Lórí títì, òjò àti òkúta á máa fò lu dísìkì, mi ò sì fẹ́ràn ẹ̀ fún ọkọ̀ tó ń rìn lójoojúmọ́. Ohun tí Porsche ṣe sí 911 GT3 wù mí ju ìyẹn lọ: ike kan tí wọ́n so mọ́ apá ìsàlẹ̀ (irin tó so táyà mọ́ ọkọ̀ lábẹ́), tó ń darí afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá sídìí dísìkì. Àwọn onímọ́tò mìíràn máa ń ra ike yẹn, wọ́n á gé e bá tiwọn mu.

Kó o tó ṣe èyíkéyìí, ra ọ̀dà tí ń fi ooru hàn, kó o kùn ún sí etí dísìkì. Àwọ̀ ewé máa ń yí padà ní 430°C, àwọ̀ ọsàn ní 560°C, pupa ní 610°C. Tí pupa bá yí padà, afẹ́fẹ́ lo nílò lóòótọ́. Tó bá jẹ́ ewé nìkan ló yí padà, ọ́ìlì àti páàdì tó dáa ti tó fún ẹ.

Ìyá Ìbejì, Norwich

Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ ti ohun rírà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti wíwà. Mazda MX-5 ni tèmi, mi ò yí dísìkì ẹ̀ padà. Tó o bá fẹ́ jáde lórí pápá, fi odindi ìyípo tó kẹ́yìn tu bíréèkì: eré díẹ̀, bíréèkì díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Tó o bá ti dúró, má fa bíréèkì ọwọ́, má sì fi ẹsẹ̀ di pẹ́dà mú. Páàdì gbígbóná tó bá fún dísìkì mọ́ ojú kan máa lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, tó o bá wá ń bọ̀ nílé lórí A11, ìdarí á máa gbọ̀n lọ́wọ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé dísìkì ti tẹ̀, kò sì tẹ̀. Fi í sí jíà, kó o fi igi di táyà. Golf tìẹ, pa Auto Hold, tó máa ń di bíréèkì mú fúnra ẹ̀ tó o bá dúró, kó o tó wọ pápá.

Tí rímù bá ti tutù, fi torque wrench (sípáná tó ń wọn bí bóòtù ṣe le tó) wo bóòtù táyà. 120 Nm ni ti Golf yẹn.

Lórí títì náà, kì í ṣe pápá nìkan ló ń jó bíréèkì. Ẹni tó bá kó ẹbí lọ sí Lake District tó wá ń sọ̀kalẹ̀ Hardknott Pass, kó fi sí jíà kékeré látòkè. Ẹsẹ̀ tó bá wà lórí bíréèkì láti òkè dé ilẹ̀ á mú kó gbóná bíi ti Snetterton.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Chicago

Ẹ má bínú pé mo já wọ inú ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ fi Camry ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Ìbàdàn. Ṣé kí n fi páàdì alágbára yìí sí i?

Ẹ̀gbọ́n Sípáná, Kent

Rárá o. Gosíló Mókólá ò ní fún páàdì eré ìje ní ooru tó ń wá. Páàdì Toyota gan-an ni kó o fi sí i. Ohun tó yẹ kó o bẹ̀rù ni iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì Chicago nígbà òtútù. Jẹ́ kí wọ́n yọ kálípà, kí wọ́n fọ pínnì tí kálípà ń yọ̀ lórí ẹ̀, kí wọ́n fi gíríìsì tó jẹ́ ti bíréèkì sí i. Kí wọ́n wo páìpù irin tó gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn dáadáa: tó bá ti ń hu ìpẹtà tó ń ṣí, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Pààrọ̀ ọ́ìlì náà. Kó o sọ fún mẹkáníìkì bàbá kó máa pààrọ̀ ẹ̀ déédéé, torí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ilé pọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, lítà kan ọ́ìlì ti tó láti fọ gbogbo ẹ̀. Tó o bá lè wá sí Kent lópin ọ̀sẹ̀, ẹ̀rọ tí mo fi ń ti ọ́ìlì láti òkè wà nílé, kò ní sí pé ẹnì kan ń tẹ pẹ́dà. Bíréèkì ọwọ́ ẹ oníná ni, a ò lè ti písítìnì ẹ̀yìn padà láìfi kọ̀ǹpútà ṣí i, mo ní ìyẹn náà. Wá pẹ̀lú páàdì iwájú àti tẹ̀yìn.