Lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí ìṣètò ìlú: kí ni ẹ̀kọ́ náà sọ kálukú wa dà?

Ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, mo kí yín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó fẹ́ wọ yunifásítì bi mí pé kí ni àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣètò ìlú àti agbègbè máa ń dà lẹ́yìn ọdún márùn-ún. N kò fẹ́ fún un ní ìdáhùn orí ahọ́n lásán, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ tèmi níhìn-ín kí ẹ̀yin náà lè sọ tiyín.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kàwé. Nígbà tí mo rí ààyè wọlé, inú ìyá mi kò dùn, nítorí pé lójú tirẹ̀, iṣẹ́ yìí kò ju ti àwọn tí ń gbé ọ̀dà pupa kiri láti fi kọ àmì sára ilé onílé. Bàbá mi ní tirẹ̀ rò pé iṣẹ́ àwọn tí ń wọn ilẹ̀ ni mo ń lọ kọ́, ó sì ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé a kò ní í sanwó fún ẹnikẹ́ni mọ́ bí a bá ra ilẹ̀.

Stúdíò, ìyẹn kíláàsì tí a ti ń ya àwòrán ìlú, ni ó là mí lójú. A ya àwòrán níbẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń ro wá, ṣùgbọ́n ohun tí mo rántí jù ni ọjọ́ tí wọ́n pín wa sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ní ọdún kẹta, tí wọ́n sì rán wa lọ sí àwọn agbo ilé àtijọ́ tí ó wà lẹ́yìn Tákì, kí a lọ wo ibi tí omi ẹ̀gbin ń gbà, ibi tí wọ́n ń da pàǹtí sí, àti iye ènìyàn tí ń sùn nínú yàrá kan. Ìwé ìbéèrè tí a gbé dání ní ìlà kan tí ó béèrè iye ọmọ tí ó wà nínú ilé. Ìyá àgbà kan tí ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́ gbọ́ ìbéèrè yẹn, ó gbé igbá sílẹ̀, ó wo ẹni tí ó bi í láti òkè délẹ̀, ó ní: “Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ó kọ́ ọ pé a máa ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ?” Bí ọ̀rọ̀ ilé náà ṣe parí nìyẹn.

Nígbà tí a dé ilé kejì, ọmọbìnrin kan nínú ọ̀wọ́ wa, tí ó jẹ́ ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́, fi ìwé náà há abíyá, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì béèrè bí wọ́n ṣe ń bu oúnjẹ alẹ́: àwo mélòó ni ti àwọn tí ń lọ sí ilé ìwé, mélòó ni ti àwọn àgbà, ta ni ó ń dáná tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìyá ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu to àwo kalẹ̀. Kí ó tó dákẹ́, a ti mọ iye ènìyàn, a sì ti mọ̀ pé ilé tí a pè ní ti ìdílé kan ní ìkòkò mẹ́ta lórí iná, tí ó túmọ̀ sí pé ìdílé mẹ́ta ni ó ń pín balùwẹ̀ kan lò.

Nígbà tí a kó iṣẹ́ náà kalẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́, àwòrán ilẹ̀ tí a fi yẹ́lò kun ibi ilé gbígbé, tí a fi àwọ̀ ewé kun ibi ìgbafẹ́, ni ó gba máàkì jù. Ọgbọ́n àwo oúnjẹ kò ní àyè nínú ìwé máàkì, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni mo ń jẹ títí di òní. Iṣẹ́ mi ni láti bá àwọn ará abúlé jókòó ní agbègbè Oríire kí a tó pinnu ibi tí a óò gbẹ́ ẹ̀rọ omi sí, kí ó má baà jẹ́ ẹnu ọ̀nà ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù ni omi yóò máa yọ sí. N kò tíì ya àwòrán ìlú kan ṣoṣo láti ìgbà tí mo ti jáde, nítorí náà bí ẹnìkan bá ń ka èrè ẹ̀kọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí ó kọ mí mọ́ àwọn tí kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n kọ́. N kò gbà.

Ìdáhùn láti Ọ̀yọ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ gidi, àǹtí. Èmi ni ọlọ́dà pupa tí màmá yín ń sọ.

Ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n fi kọ́ wa ní stúdíò. A ó pín in sí òpópónà, ilé ìwé, ọjà àti ibi ìgbafẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì gún régé lórí pépà. Lẹ́nu iṣẹ́, ilé ti ga dé orí fèrèsé kí fáìlì tó dé orí tábìlì mi. Ẹni tí ó ń kọ́lé ti sanwó fún ọmọ onílẹ̀, ó ti san ti bíríkìlà, ó ti ra páànù sílẹ̀. Owó ìwé àṣẹ ìkọ́lé ni ó gbẹ̀yìn nínú ìrònú rẹ̀. Mo bá bàbá kan pàdé ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn tí ó gbé fẹ́ǹsì dí ojú àgbàrá. Bí mo bá ṣí ìwé òfin sí wọn níbẹ̀, ìjà ni ìbá dé. Mo kàn ní: “Bàbá, àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un,” mo sì rán wọn létí ohun tí omi ṣe ní Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Wọ́n ní kí n fún wọn di ìparí oṣù. Wọ́n fa fẹ́ǹsì náà sẹ́yìn lóòótọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò kí mi fún ìgbà pípẹ́.

Ohun tí mo rò pé ẹ̀kọ́ wa fi dù wá ni òfin. Òfin ìṣètò ìlú ti 1992 pín iṣẹ́ yìí láàárín ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí ó di 2003, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni àṣẹ náà wà. Orí èyí ni ó ti ń yé ènìyàn ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ilé dúró. A kà á fún ìdánwò, a sì gbàgbé rẹ̀. Kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín sì mọ̀ pé ìwé ẹ̀rí yunifásítì nìkan kò sọ ènìyàn di olùṣètò ìlú lójú òfin. NITP, ẹgbẹ́ àwọn olùṣètò ìlú Nàìjíríà, tí ó ti wà láti 1966, ní ìdánwò tirẹ̀, TOPREC, ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ àwọn olùṣètò ìlú, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1988, ni ó sì ń forúkọ ẹni sílẹ̀. Nínú àwọn tí a jọ jáde, díẹ̀ ni ó rìn débẹ̀, nítorí pé kí ènìyàn tó ní ìrírí tí wọ́n ń béèrè, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ẹni tí yóò gbà á síṣẹ́.

Ìdáhùn kejì, Ògbómọ̀ṣọ́

Tèmi kò gùn. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Under G. Níbi tí mo ti kàwé, orí pátákó ni wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ wa ní bí a ṣe ń ya àwòrán ilẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ìyanṣẹ́lódì kan tí ó gùn ni mo fi kọ́ QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán ilẹ̀, fúnra mi, torí pé ọ̀fẹ́ ni, mo sì ń wo fídíò lóru nígbà tí dátà bá dínwó. Lónìí, àwọn tí ń wọn ilẹ̀ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá ni ó ń tò sẹ́nu ọ̀nà mi. Àwọn ẹbí ní mo kàwé tán, mo wá ń ṣe fọ́tòkọ́pì. N kì í bá wọn jiyàn. Èmi ni mo mọ iye tí ó ń wọlé.

Ìdáhùn olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka gbogbo rẹ̀. Nígbà tí NUC, àjọ tí ń bójú tó àwọn yunifásítì, bá wá yẹ ẹ̀kọ́ wò, wọn a wo olùkọ́, ilé ìkàwé àti stúdíò, wọn a sì béèrè ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ rò nípa àwọn ọmọ tí a kọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kò ní agbanisíṣẹ́, bí onítẹ̀wé yìí, ta ni wọn yóò bi nípa rẹ̀?

Lójú tèmi, ibi tí ọ̀nà ti máa ń yà ni IT, ìyẹn oṣù tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ ní ibi iṣẹ́ kí ó tó jáde, tí wọ́n ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ láti 1973. Ọmọ tí ó lo oṣù tirẹ̀ ní ọ́fíìsì tòótọ́, tí ó tẹ̀lé àwọn ọ̀gá lọ sójú ilẹ̀, a máa padà wá pẹ̀lú ìbéèrè, mo sì lè mọ̀ ọ́n láti orí àkọ́kọ́ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Èyí tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bá a buwọ́ lu ìwé nílé a máa kọ iṣẹ́ tí ó dà bí ti gbogbo ayé. Máàkì àwọn méjèèjì lè dọ́gba. Mo fún wọn ní máàkì bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé ohun tí ìlànà ní kí n wò nìyẹn.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀yọ́, ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá ibi tí n ó ti ṣe IT. Kí ni kí n béèrè tí mo bá dé ọ́fíìsì bíi tiyín?

Ìdáhùn láti Ọ̀yọ́

Àbúrò, wọn yóò fẹ́ fi ọ́ sí ìdí fáìlì, kí o máa kọ nọ́ńbà sí i lára. Fi sùúrù ṣe é fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí o fi mọ bí ìwé ṣe ń rìn láti tábìlì kan sí èkejì. Lẹ́yìn náà, bẹ ọ̀gá pé o fẹ́ máa tẹ̀lé àwọn tí ń lọ wo ilé tí wọ́n ń kọ́. Wá tòun ti bàtà tí kò ní dùn ọ́ bí ẹrẹ̀ bá bà á jẹ́, nítorí pé ọkọ̀ ọ́fíìsì kì í sábà ní epo, kí o sì máa kọ ohun tí onílé wí sílẹ̀ bí ó ṣe wí i gan-an.