Báwo lẹ ṣe ń rí ṣọ́ọ̀bù tó dá yàtọ̀ nílùú ńlá?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọjọ́ 3 péré ni mo ní láti fi rìn káàkiri ìlú ńlá kan. Ṣọ́ọ̀bù tí ẹni tó ni ín ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọjà tó ń tà ni mò ń wá: aránbàtà, aránṣọ, ẹni tó ń di abala ìwé pọ̀. Ọjọ́ kan ààbọ̀ ti lọ, òfo ni.

Mo wá a lórí Google Maps, àwọn ilé ìtajà gàgàrà tó wà níbi gbogbo ló kó síwájú mi. Mo gba òpópónà tí gbogbo àlejò ń gbà, báàgì aláwọ kan náà ni mo bá ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin, títí kan àwọ̀ òwú tí wọ́n fi rán an. Ọlọ́jà kẹrin ṣì ń búra pé òun lòun rán an! Mo yà sí àdúgbò ẹ̀yìn. Ibẹ̀ gan-an ló jọ pé nǹkan wà, àmọ́ ọjọ́ Ajé ni, wọn kì í sábà ṣí lọ́jọ́ náà níbẹ̀, títì ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn wà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n wá, kí lẹ máa ń wò, tàbí tí ẹ máa ń bi ọlọ́jà, kí ẹ tó gbà pé òun ló ṣe é lóòótọ́? Ta sì ni kí n béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ ládùúgbò?