Àwọ̀n wo la fi lè ka irú ẹja adágún Kainji láì pa wọ́n lápajù?

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹja odò. Láti 1968 tí wọ́n ti sé odò Ọya ní Kainji, àwọn ẹja ìdílé Mormyridae, tí ń wá oúnjẹ nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, ti dínkù gan-an; àwọn clupeid kéékèèké (ẹja tó bá sadín-ìn tan) ló gbilẹ̀. A fẹ́ mọ irú èyí tó ṣẹ́kù báyìí.

Àwọ̀n gillnet (àwọ̀n títa tí ẹja máa ń há sí lójú) olójú ínǹṣì 1 sí 7 la fẹ́ ta ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ká kó o ní mẹ́fà àárọ̀. Àmọ́ clupeid á yọ́ gba ojú ínǹṣì 1 kọjá. Omi sì gbóná níbẹ̀: ẹja tó bá há ní alẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rà kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, a ò sì ní dá a mọ̀ dáadáa. Ṣé yíyẹ àwọ̀n wò ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta tó? Èyí tó bá wà láàyè la ó dá padà sómi.

Fún clupeid, ṣé ká lo àwọ̀n àgbésókè tí wọ́n ń pè ní atalla? Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé ó máa ń kó ọmọ ẹja mìíràn mọ́ ọn.

A ó gé ìyẹ́ díẹ̀ sínú ẹ́tánọ́ọ̀lù 95% kí ẹja tó wọ fọmalíìnì, oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú ẹja rà (ìdá 1 sí omi ìdá 9), torí fọmalíìnì máa ń ba DNA jẹ́. Ẹja mélòó nínú irú kan ló tó láti tọ́jú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn.