Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: Ìbàdàn sí Àbújá nínú bàálù, wákàtí mélòó ni?

Àdùkẹ́_Bódìjà: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Mo ní intafíù l'Ábùújá ní aago 11 àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ṣé kí n wọ bàálù ní Alákìá n'Íbàdàn níbí ni, àbí kí n lọ sí Ìkẹjà? Èwo ló yá jù?

Ọmọ_Alákìá: Tí a bá fa ìlà tààrà, Alákìá sí Àbújá tó kìlómítà 405. Ti Ìkẹjà jẹ́ 512. Ṣùgbọ́n bàálù alábẹ̀bẹ̀ bíi ATR ń sá nǹkan bíi kìlómítà 500 ní wákàtí kan, Boeing 737 Ìkẹjà sì ń sá kọjá 800. Nítorí náà, àwọn méjèèjì ò jìnnà sí wákàtí kan. Àkókò orí tíkẹ́ẹ̀tì sì máa ń gùn díẹ̀ sí i, torí láti ìgbà tí bàálù bá ti kúrò níbi tó gúnlẹ̀ sí ni wọ́n ti ń kà á.

Ìyá_Ìbejì: Alákìá kẹ̀? Nínú ọyẹ́ yìí? Títí di ọ̀sán ni wọ́n dá wa dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wá fagi lé e. Owó mi ò tíì padà di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí!

Ṣọlá_Mókọ́lá: Háà! Ilé iṣẹ́ wo nìyẹn?

Ìyá_Ìbejì: Mi ò ní dárúkọ. Ẹ ṣáà yàgò fún Alákìá.

Ọmọ_Alákìá: Ìyá, ọyẹ́ ò mọ Alákìá yàtọ̀. Bí awakọ̀ ò bá ríran tó, ó lè má balẹ̀ l'Ábùújá náà.

Balógun_Ọ̀gbà: Ìyàtọ̀ wà o. Bí wọ́n bá fagi lé ọ̀kan n'Íkẹjà, ilé iṣẹ́ mìíràn ṣì ń lọ. Ní Alákìá, ọ̀kan yẹn lè jẹ́ gbogbo ohun tó wà. Ẹ mú ti ìdájí: bàálù yẹn ti sùn síbẹ̀. Ti ọ̀sán ń retí kí bàálù kọ́kọ́ ti ibòmíràn dé, ìdádúró ibẹ̀ á sì wá di tiyín. Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa: MMA2 àti GAT, ibi méjì tí wọ́n ti ń wọ bàálù n'Íkẹjà, kì í ṣe ibì kan náà.

Dámọ́lá_Mọ́níyà: Ẹ wọ rélùwéè ní Mọ́níyà. Ó rọrùn.

Balógun_Ọ̀gbà: Bàálù ló bèèrè, ẹ̀gbọ́n. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ bá bàálù n'Íkẹjà, Agége ni kí ẹ ti sọ̀kalẹ̀, ẹ má lọ dé Èbúté-Mẹ́ta.

Ṣọlá_Mókọ́lá: Kò tíì sẹ́ni tó sọ ti Àbújá fúnra rẹ̀. Pápákọ̀ ibẹ̀ sí àárín ìlú tó kìlómítà 40, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Lugbe sì wà lójú ọ̀nà. Wákàtí kan gbáko nìyẹn. Ẹni tó ní intafíù aago 11, Ọjọ́rú ló yẹ kó ti lọ.

Ọmọ_Alákìá: Owó hòtẹ́ẹ̀lì ńkọ́?

Ṣọlá_Mókọ́lá: Èwo ló wọ́n jù, hòtẹ́ẹ̀lì àbí intafíù tó bọ́?

Àdùkẹ́_Bódìjà: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti ra ti Alákìá, ọ̀sán Ọjọ́rú. Màá sùn lọ́dọ̀ bọ̀dá mi ní Kubwa.

Ìyá_Ìbejì: Alákìá náà ni!

Ṣọlá_Mókọ́lá: Kubwa? Ẹ kúrò níbẹ̀ kó tó di aago 8.