Akólẹ̀ fi àpò mẹ́rin sílẹ̀ fún mi lẹ́nu géètì. Báwo lẹ ṣe ń ya ìdọ̀tí yín sọ́tọ̀?

ÌyáTọ́lá_Ọbáńtokò:
Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú látọjọ́ Túsìdeè. Igi mángòrò méjì ló wà lẹ́yìn ilé wa, ewé ẹ̀ ò sì mọ ìsinmi, ká gbá a láàárọ̀ kó tún kún ilẹ̀ kó tó dọ̀sán. Mo wá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, ewé, èèpo iṣu, ìyókù ọbẹ̀, ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ike, agolo mílíìkì, àpò mẹ́fà gbáko, mo tò ó sẹ́nu géètì de àwọn akólẹ̀. Wọ́n dé, wọ́n gbé méjì, wọ́n ní àwọn kì í gbé ewé, àti pé èyí tó kù ti wúwo jù, omi ń ro lábẹ́ ẹ̀.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé ìgò kan fọ́ nílé lọ́jọ́ Sátidé, mo kàn jù ú sínú àpò bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń gbé e ló gé lọ́wọ́. Mo bu omi fọ̀ ọ́ fún un, mo ya aṣọ dì í, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ yẹn ò kúrò lójú mi. Ọwọ́ mi ni mo fi jù ú síbẹ̀. Aládùúgbò mi ní kí n dáná sun èyí tó kù, ṣùgbọ́n ọmọ mi kékeré ní ikọ́ fée, mi ò lè ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń kó pọ̀ mọ́ kí ni? Mi ò lówó àtira ike ìdalẹ̀sí ńlá o.

Àgbẹ̀Lafẹ́ńwá:
Ìyá Tọ́lá, ẹ kú ìdààmú. Ẹ má sun ún rárá. Ọ̀rá tó bá jóná, májèlé lèéfín ẹ̀, tí agolo fínfín tí wọ́n fi ń pa ẹ̀fọn bá tún wà nínú ẹ̀, ó lè bú gbàù. Àti pé ewé tẹ́ ẹ fẹ́ kó fún akólẹ̀ yẹn, owó ni. Ẹ wá kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ilé, níbi tí igi ti ṣíji bò, kẹ́ ẹ máa kó o jọ síbẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ ewé gbígbẹ mẹ́ta, kẹ́ ẹ da apẹ̀rẹ̀ èèpo iṣu àti ìdí ẹ̀fọ́ kan lé e, kẹ́ ẹ tún da ewé bò ó. Ewé mángòrò le, kì í tètè jẹrà, ẹ fi àdá gé e wẹ́wẹ́, tẹ́ ẹ bá sì rí ìgbẹ́ adìẹ, ẹ bù ú sí i, ìyẹn ló ń jẹ́ kó yá. Ẹ wọ́n omi sí i níwọ̀nba, tẹ́ ẹ bá bù ú sọ́wọ́ tẹ́ ẹ fún un, ó yẹ kó tutù bí aṣọ téèyàn fún tán tó fẹ́ sá, omi ò gbọdọ̀ máa ro níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi fọ́ọ̀kì oko yí i. Tẹ́ ẹ bá yí tèmi láàárọ̀ kùtù, ẹ ó rí ooru tó ń rú jáde nínú ẹ̀ bí ìgbà téèyàn ṣí ìkòkò ọ̀lẹ̀lẹ̀, ẹ ò ní lè ki ọwọ́ bọ àárín ẹ̀ pẹ́. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ó ti di ajílẹ̀ dúdú, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ló ń rùn. Ẹ má da ọbẹ̀, eegun àti epo sí i o, eku á sọ ibẹ̀ dilé. Tó bá sì ń rùn, omi ẹ̀ ló pọ̀ jù, ẹ da ewé gbígbẹ sí i.

Bọ̀dáKútọ̀:
Ìbéèrè tèmi ni pé, kí ni èèyàn fẹ́ yà á sọ́tọ̀ fún nígbà tí ọkọ̀ kan náà ni wọ́n máa dà á pọ̀ sí? Mo ṣe é fún oṣù méjì, lójú mi báyìí ni wọ́n da àpò ike mi lé ìdọ̀tí lórí. Ó dùn mí, mo sì jáwọ́.

AlájéÌke_Adátán:
Bọ̀ọ̀dá mi, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ike fún ọkọ̀. Èmi ń ra ọ̀rá àti ike, kílò la fi ń rà á, àwa náà ló sì ń kó o lọ fáwọn tó ń lọ̀ ọ́. Ìyókù tí ẹnikẹ́ni ò lè rà tí kò sì lè jẹrà nìkan ló yẹ kí ọkọ̀ gbé. Ìyá Tọ́lá mà, ilé ìdáná ni kẹ́ ẹ ti máa yà á, tó bá ti dé géètì ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀rá tí ọbẹ̀ ti ta sí, a máa ń yọ lára ìwọ̀n ẹ̀ ni, nígbà mìíì a kì í gbà á rárá. Ìyá kan wà ládùúgbò wa, okùn ló so sẹ́yìn ilé, tó bá ti mu píọ́ wọ́tà tán á ṣan ọ̀rá ẹ̀, á fi pẹ́ẹ̀gì há a bí aṣọ ọmọ tuntun, ọ̀rá ẹ̀ máa ń mọ́ gaara. Ti ike, ẹ yí ìdí ẹ̀ wò, ẹ ó rí àmì onígun mẹ́ta tí nọ́ńbà wà nínú ẹ̀. 1 ni ike omi àti ti ẹlẹ́rìndòdò, 2 ni kẹ́ẹ̀gì àti ike bílíìṣì. Ẹ má pa wọ́n pọ̀, iná tó ń yọ́ wọn ò dọ́gba, tí wọ́n bá dà á pọ̀ lọ̀ ọ́, ohun tó bá jáde ò ní lágbára. Agolo àti irin, àwọn Mọlà tó ń ti ọmọlanke kiri máa rà á lọ́wọ́ yín lẹ́nu géètì.

Nọ́ọ̀sìTóFẹ̀yìntì:
Ìyá Tọ́lá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tọ́jú ọmọ yẹn, ẹ bá a wá ibi tí wọ́n ti máa gún un lábẹ́rẹ́ ipá o, ẹ má fi falẹ̀. Ìgò fífọ́, ẹ fi pépà wé e nípọn, ẹ kó o sínú páálí, ẹ dè é, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára ẹ̀ pé ìgò fífọ́ ni. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ nílé, inú ike líle tó lómorí ni kó máa jù ú sí, tó bá kún kó gbé e lọ sí ọsibítù. Bátìrì náà, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ má jẹ́ kó dé ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣe ajílẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹun:
Ẹni tó bá ń da tiẹ̀ sí gọ́tà tójò bá ń rọ̀, kó rántí oṣù keje 2018. Omi kún odò Sokori, ó ya wọlé àwọn èèyàn, ẹ̀mí lọ sí i. Nígbà tí omi fà, ọ̀rá ló dí ojú gọ́tà wa pa, ọwọ́ la fi fà á jáde.

ÌyáTọ́lá_Ọbáńtokò:
Ẹ ṣé gan-an ni o, Ọlọ́run á san yín lóore. Mo da àpò mẹ́rin yẹn sílẹ̀ láàárọ̀ yìí, èmi àti Tọ́lá la jọ ṣà á. Ewé ti wà nídìí mángòrò, Tọ́lá ń gé e. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà tó jáde nínú ẹ̀ lé ní àádọ́ta, ó wà lórí okùn. Ohun tó kù fún ọkọ̀ ò kún àpò kan. Ọmọ akólẹ̀ yẹn, mo ti rí fóònù ọ̀gá wọn, a jọ ń lọ gún abẹ́rẹ́ yẹn lọ́sàn-án yìí. Mo sì ti ra ìbọ̀wọ́ aláwọ níbi tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ ní Kútọ̀, méjì ni mo rà, kí ẹnì kejì ẹ̀ náà ríkan wọ̀.