Òótọ́ wà lọ́wọ́ mi, ọ̀nà ni n kò mọ̀

Ẹ̀yin ará, Iléṣà ni mo wà. Òṣómàáló ni bàbá wa. Owó aṣọ tó tà káàkiri ló fi kọ́ ilé sí Òkèsà. Ìyàwó mẹ́ta ló fẹ́, kò sì kọ ìwé ìhágún sílẹ̀. Ìyáálé bí mẹ́fà, ti àárín bí mẹ́ta, ìyá tèmi bí àwa méjì. Nígbà tó di pínpín, ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ dáwódù ní orí-ò-jorí ni, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìpín kan, ìpín mọ́kànlá. Mo ní rárá, ìdí-igi ni, àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní ìpín kan, ìpín mẹ́ta. Ká tó parí àríyànjiyàn, ó ti ta ṣọ́ọ̀bù méjì tó wà níwájú ilé.

Mo gbé e lọ sí kóòtù ìbílẹ̀, torí kò wọ́n. Oṣù mẹ́rìnlá la fi lọ tí a fi bọ̀. Ọjọ́ tí mo rò pé n ó sọ̀rọ̀, lọ́yà wọn dìde: inú ìgboro ni ilẹ̀ náà wà, High Court nìkan ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ 1978 fún láṣẹ láti gbọ́ ọ. Ó tán nìyẹn.

Mo wá ń ka òfin. Mo rí ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó ti Èkó dé London, tí wọ́n dá ní 1962: ìdí-igi ṣì ni àṣà Yorùbá, àmọ́ bí ìjà bá bẹ́, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n fi orí-ò-jorí pín in. Mo mọ̀ pé apá kejì yìí ni ẹ̀gbọ́n mi máa dì mú, mo sì ti múra sílẹ̀ fún un. Mo wọ High Court láìgba lọ́yà, ọkàn mi balẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bi mí nípa rẹ̀. Wọ́n ní orúkọ ta ni mo fi pẹjọ́? Tèmi nìkan ni mo kọ, bẹ́ẹ̀ dúkìá ẹbí ni mo ní mo ń jà fún. Àbúrò mi kò sí níbẹ̀, ẹni tó ra ṣọ́ọ̀bù kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́rìí mi búra sí ńkọ́? Mo ní yóò wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n ní ó yẹ kó ti wà nínú ìwé tí mo kọ́kọ́ mú wá. Ìwé tí bàbá fi ra ilẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀dà ló wà lọ́wọ́ mi. Èyí ló dùn mí jù. N kò mọ̀ pé ó yẹ kí n ti kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi pé kó mú ojúlówó wá, pé bí kò bá mú un wá ni ẹ̀dà tèmi tó lè wọlé. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wò mí, ìwé náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Adájọ́ yọ ẹjọ́ náà kúrò. Mo sunkún dé Ọjà Atákúnmọ́sà, mo ṣe bí ẹ̀tọ́ àwa ọmọ ìyá mi ti bọ́ títí láé nìyẹn. Akọ̀wé kóòtù kan ló ṣàánú mi: “Màmá, wọ́n yọ ọ́ kúrò ni, wọn ò dá a nù. Èyí tí wọ́n bá yọ, ẹ lè tún un gbé wá. Èyí tí wọ́n bá dá nù, àfi ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.”

Mo gba lọ́yà. Ọjọ́ tí adájọ́ kọ́kọ́ béèrè pé ìyàwó mélòó ni bàbá wa fẹ́, ọdún mẹ́ta ti lọ.

* * *

Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ilé-Ifẹ̀ lèmi wà. Èmi náà dúró fún ara mi, wọ́n sì dá wa lẹ́bi lórí oko kòkó bàbá wa. Mo ń dúró de ẹ̀dà ìdájọ́ kí n tó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ó pẹ́ kó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìgbà tí mo dé kóòtù láti pe ẹjọ́ náà ni wọ́n sọ fún mi pé oṣù mẹ́ta ni òfin fún wa, ọjọ́ tí adájọ́ dá ẹjọ́ ni wọ́n sì ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ìwé dé. Ìwé ẹ̀bẹ̀ fún àfikún ọjọ́ la ń kọ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, lọ́yà yín yẹn, ṣé ó ń gba ẹjọ́ Ifẹ̀?