78 ni PHP ń fún mi lórí gbogbo IBAN. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo ń fi PHP, èdè tí a fi ń kọ kóòdù ìkànnì, ṣe fọ́ọ̀mù kan fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta aṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní oníbàárà ní Jámánì àti Spéìnì náà. Tí aṣọ kò bá bá ẹnìkan mu, IBAN onítọ̀hún (nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n ń lò láti fi owó ránṣẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè) la fi ń dá owó rẹ̀ padà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan ṣi díjíìtì kan tẹ̀, owó lọ ó bọ̀, báńkì sì yọ tiwọn lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n yáa wá nǹkan ṣe sí i.

Mo ti ka bí wọ́n ṣe ń yẹ IBAN wò. Èèyàn á gbé mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ sẹ́yìn, á sọ lẹ́tà di nọ́ńbà (A di 10, B di 11, títí dé Z tó jẹ́ 35), á wá fi 97 pín gbogbo rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ́ ku 1, ó dáa. Mo mú èyí tí gbogbo ayé fi ń ṣàpẹẹrẹ, GB82 WEST 1234 5698 7654 32. Ó di 3214282912345698765432161182. Mo kọ `$s % 97` (`$s` ni nọ́ńbà náà, `%` ló ń mú àṣẹ́kù wá), ó fún mi ní 78. Mo gbé ti Jámánì sí i, 78. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ba ọ̀kan jẹ́, 78 náà ni! Orí mi ti dàrú.

Bàbá Sáfà:
Hahaha, 78 yẹn, mo mọ ilé bàbá rẹ̀. Àbúrò, odidi nọ́ńbà tó tóbi jù tí PHP lè gbà lórí ẹ̀rọ 64-bit ni 9223372036854775807. Díjíìtì 19 nìyẹn, tìrẹ jẹ́ 28. Tí o bá fi `%` sí string (ìyẹn nọ́ńbà tí a kọ bí ọ̀rọ̀) tó gùn tó bẹ́ẹ̀, ibi tí agbára PHP mọ ló máa gé e mọ́. Ṣé o mọ kóńgò ìrẹsì? Da àpò kan lé e lórí, da àpò mẹ́wàá lé e lórí, kóńgò kan náà ló máa kù nínú rẹ̀, ìyókù ti dà sílẹ̀. Fi 97 pín 9223372036854775807 wò, wàá bá 78 níbẹ̀. PHP 8.1 sókè tilẹ̀ máa ń kìlọ̀, àfi tí o bá ti pa ìkìlọ̀ mọ́lẹ̀.

Lo GMP, library tí wọ́n ṣe fún ìṣirò nọ́ńbà gígùn. Láti 1991 ni library yẹn ti wà, bí memory rẹ bá ṣe pọ̀ tó ni nọ́ńbà inú rẹ̀ lè gùn tó. `$r = gmp_mod(gmp_init($s), 97);` Ó parí.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Àmọ́ kò tíì parí o. Mo tẹ `$r` jáde, 1 ni mo rí. Síbẹ̀ `if ($r === 1)` ní IBAN náà kò dáa.

Ìyá Ìbejì Oníkóòdù:
Object ni GMP ń dá padà, kì í ṣe nọ́ńbà lásán. `===` sì máa ń wo irú nǹkan tó jẹ́ pẹ̀lú iye rẹ̀. Kọ `gmp_intval($r) === 1`. Irú ọ̀fìn yìí wà nínú JavaScript náà: `BigInt(s) % 97n` á fún ọ ní `1n`, `1n === 1` á sì sọ pé irọ́ ni. Alẹ́ odindi kan ni mo fi jìyà ìyẹn.

Tún ṣọ́ra: má kọ nọ́ńbà náà sínú kóòdù láìfi àmì àyọlò sí i. PHP á ti sọ ọ́ di float (nọ́ńbà tí kì í pa gbogbo díjíìtì mọ́), 3.2142829123457E+27, kí GMP tó fojú kàn án. Díjíìtì tó bá ti sọnù níbẹ̀ kò ní padà wá.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ó ti ṣiṣẹ́ fún Britain àti Jámánì, mà. Ti Spéìnì kan ló kù, ó ní kì í ṣe integer string. Díjíìtì nìkan ló sì wà nínú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Oníkóòdù:
Ṣé 0 ni kóòdù báńkì rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Bẹ́ẹ̀ ni mà! 00 gan-an.

Ìyá Ìbejì Oníkóòdù:
Mo mọ̀. Tí o kò bá sọ irú ìkà tó jẹ́ fún `gmp_init`, tó bá ti rí 0 níwájú, octal ló máa pè é, ìyẹn ìkà tí kò mọ̀ ju 0 sí 7 lọ. Bó bá kan 8 tàbí 9, ó kọ̀ ọ́ nìyẹn. Èyí tó burú jù ni tí kò bá sí 8 tàbí 9 nínú rẹ̀: kò ní ké, á kàn ṣi í kà. `gmp_init($s, 10)` ni kí o máa kọ nígbà gbogbo. Bàbá Sáfà, ẹ gbàgbé 10 yẹn o.

Bàbá Sáfà:
Mo gbà. Ẹ máa bínú.

Túnjí Òṣogbo:
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fi èyí yẹ nọ́ńbà àkáǹtì Nàìjíríà wò?

Bàbá Sáfà:
Rárá o. A kì í lo IBAN. NUBAN oní díjíìtì 10 ni tiwa, ìṣirò tirẹ̀ yàtọ̀.

Olùkọ́ Ìṣirò:
Ẹ dákun, kí lẹ fẹ́ fi GMP ṣe níbi tọ́rọ̀ dé yìí? Ṣé ẹ ti gbàgbé bí a ṣe ń pín nọ́ńbà gígùn nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni? Díjíìtì kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹ máa gbé àṣẹ́kù lọ síwájú:

`$r = 0;`
`foreach (str_split($s) as $d) $r = ($r * 10 + (int)$d) % 97;`

Ohun tí ẹ ń fi 97 pín kò ní ju 969 láé. Kò sí octal, kò sí object. Ibi tí GMP ti wúlò ni ibi tí nọ́ńbà gígùn méjì bá ti fẹ́ bá ara wọn ṣiṣẹ́, bíi `gmp_powm` nínú RSA tí wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ àṣírí pa.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Àfi bí ẹni pé ẹ mọ̀, sà. Mo gbé iṣẹ́ lọ sí hosting ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀ yìí, mo tẹ `php -m`, GMP kò sí níbẹ̀, àwọn tó ni sáfà kò sì tíì dá mi lóhùn. Mo rí bcmath, tí òun náà wà fún nọ́ńbà gígùn, níbẹ̀, mo fẹ́ lo `bcmod($s, '97')`, àmọ́ string `'1'` ni òun náà ń dá padà, ẹ̀rù `===` sì ti ń bà mí. Ìlà méjì yín ni mo lò. Mo kọ́kọ́ yọ àlàfo kúrò, mo sọ lẹ́tà kéékèèké di ńlá. 78 ti lọ.

Ìyá Ìbejì Oníkóòdù:
Ó dáa. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé àṣìtẹ̀ nìkan lèyí ń mú o. Kò lè sọ bóyá àkáǹtì náà wà, tàbí bóyá ti oníbàárà yẹn ni. Kó máa wo orúkọ kó tó fi owó ránṣẹ́.